Bí owó Pell Grant mi ṣe padà lẹ́yìn tí SAP dá a dúró

GPA mi (ìpíndọ́gba máàkì) lé ní 2.0, síbẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa níbí l'Amẹ́ríkà dá Pell Grant mi, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, dúró lábẹ́ SAP, ìlànà tó ń wò bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀ síwájú tó. Kírẹ́díìtì tí mo parí ni kò tó 67% èyí tí mo forúkọ sílẹ̀ fún. Iṣẹ́ abẹ ló mú mi fi àwọn kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀. W, àmì tí wọ́n ń fi sí kọ́ọ̀sì téèyàn fi sílẹ̀, kì í kan GPA, àmọ́ ó ń wọnú ìṣirò yìí.

Mo tún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí a fi ń béèrè owó ìrànwọ́, kọ, òfo. Mo bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù, kò tu irun kan lára wọn.

SAP appeal, ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì tún ọ̀rọ̀ náà wò, ló gbà mí. Wọ́n kọ́kọ́ dá a padà, torí lẹ́tà dókítà nìkan kò tó: fọ́ọ̀mù náà tún ń béèrè ohun tó ti yí padà. Mo kọ ọ́, adviser fọwọ́ sí ètò kọ́ọ̀sì mi tó kù. Wọ́n fi mí sí probation, ìyẹn ni pé wọ́n á ṣì máa ṣọ́ bí mo ṣe ń ṣe sí, owó sì wọlé. Tiyín lè yàtọ̀ o. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan kì í gba appeal rárá.