Bí Mo Ṣe Ṣètò Òfin Ìlò Kọ̀ǹpútà àti Ímeèlì fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kan ní Òṣogbo

Ìwé kan ṣoṣo ló wà lára ògiri yàrá kọ̀ǹpútà kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kí iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jẹun níbẹ̀, kí wọ́n má pariwo, kí wọ́n má sì ṣí ìkànnì burúkú. Kò sọ ohun tó ń jẹ́ burúkú, kò sọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kò sì dárúkọ ímeèlì rárá, bẹ́ẹ̀ láti inú ímeèlì ni wàhálà ti máa ń wá jù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n kọ òfin ìlò fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kí n sì rí i pé ètò inú àwọn ẹ̀rọ gbè é lẹ́sẹ̀. Mo kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ fún ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá já lé léjìká, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹnì kan náà ni olùkọ́ ICT, alátùn-únṣe ẹ̀rọ àti alábòójútó ímeèlì.

Kí n tó kọ gbólóhùn kankan, mo ka àwọn ẹ̀rọ. Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára, mo tẹ winver sínú Run láti mọ irú Windows tó wà lórí rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa, Windows 10 ló sì wà lórí wọn. Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà, kò bá ìlànà Windows 11 mu, bó ti wù kó yára tó. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, ni mo fi sórí irú wọn, LibreOffice àti Firefox tó wà níbẹ̀ sì tó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ wọn. Bí òfin bá ní kí ẹ̀rọ máa gba àtúnṣe ààbò déédéé, tí àtúnṣe kò sì lè dé orí ẹ̀rọ náà mọ́, a kàn ń tan ara wa ni.

Ohun tó burú jù tí mo bá níbẹ̀ ni pé orúkọ kan náà ni gbogbo ènìyàn fi ń wọlé, orúkọ náà sì ní àṣẹ alábòójútó. Òfin tó bá ní "ìwọ ni yóò dáhùn fún ohun tí wọ́n bá fi orúkọ rẹ ṣe" kò rí orúkọ kankan dì mú níbẹ̀. Mo dá àkáǹtì alábòójútó tuntun, mo jáde, mo fi òun wọlé láti rí i pé pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni mo tó sọ ti àtijọ́ di Standard, àkáǹtì lásán tí kò ní àṣẹ alábòójútó. Ẹ má ṣe yí ètò yẹn padà. Ẹni tó bá sọ ti àtijọ́ di Standard kó tó dán ti tuntun wò lè ti ara rẹ̀ mọ́ta, bí lẹ́tà kan péré bá ṣì í tẹ̀ nínú pásíwọ́ọ̀dù. Lórí Windows Pro, lusrmgr.msc, ojú ewé ìṣètò àkáǹtì tí a ń tẹ̀ sínú Run, ni ibi tó rọrùn jù láti ṣe èyí. Windows Home kò ní in, nítorí náà mo lo àṣẹ net user akekoo * /add, tó máa ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù kó tó dá àkáǹtì náà.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí sáfà tí yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni mo fi dí àlàfo náà: nọ́ńbà mátíríìkì, nọ́ńbà ẹ̀rọ, àsìkò ìwọlé, àsìkò ìjáde, ìbuwọ́lùwé. Ìwé náà kò wúlò bí aago ẹ̀rọ bá ń purọ́. Bátìrì kékeré CR2032 tó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti kú, tí NEPA bá sì mú iná lọ, aago yóò padà sí ọdún àtijọ́. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yóò máa sọ ọjọ́ tí kò sí, ìkànnì tó ní ààbò yóò sì máa kọ̀ láti ṣí, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí ìkànnì náà kò bá ọjọ́ orí ẹ̀rọ mu. Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Àwọn tó ń tún aago ṣe lọ́jà ń ta bátìrì yìí. Pàrọ̀ rẹ̀, kí o sì jẹ́ kí Windows máa gba àsìkò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Fláàṣì ló kàn. Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà mọ fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ fódà di shortcut. Òfin tí mo kọ ni pé kí wọ́n fi Windows Defender, apa-fáírọ́ọ̀sì inú Windows, yẹ fláàṣì wò kí wọ́n tó ṣí i, ṣùgbọ́n mo pa AutoPlay, tó ń ṣí fláàṣì fúnra rẹ̀, nínú Settings, mo sì jẹ́ kí File Explorer máa fi ìrù orúkọ fáìlì hàn, kí fáìlì tó pe ara rẹ̀ ní ìwé tó sì jẹ́ ètò (.exe) lè tú ara rẹ̀ fó. Mo fi gbólóhùn kan kún un fún àwọn tó ń ṣọ́ yàrá: ẹ má ṣe fọ́máàtì fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́. Fáìlì rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi pamọ́ ni. Lẹ́yìn tí Defender bá ti pa fáírọ́ọ̀sì náà, attrib -h -r -s /s /d E:\*.* yóò mú wọn jáde, bí fláàṣì bá jẹ́ E. Mo ti rí bí ènìyàn ṣe ń sunkún lórí iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́ tí ìkánjú pa rẹ́, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti fífi ètò sórí ẹ̀rọ, àkáǹtì Standard ń dènà púpọ̀ nínú rẹ̀, kò dènà gbogbo rẹ̀. Àwọn ètò kan ń wọ inú fódà ẹni tó ń lo ẹ̀rọ láìbèèrè àṣẹ, àwọn mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ tààrà láti orí fláàṣì. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní láti dárúkọ wọn: kò sí VPN tó ń gba ẹ̀yìn ìdènà kọjá, kò sí géèmù, kò sí ètò tí wọ́n fi "crack" ṣí láìsanwó. Crack sábà máa ń ní kí o pa Defender kí òun tó ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn tí ó ń wá gan-an sì nìyẹn.

Fún ìkànnì, mo yí DNS ràútà, ìwé àdírẹ́sì tó ń bá wa wá ìkànnì kàn, sí 1.1.1.3 àti 1.0.0.3 ti Cloudflare, tó ń dènà àwòrán ìhòòhò àti ìkànnì tó ń pín fáírọ́ọ̀sì. Kò dènà tẹ́tẹ́. Mo ní láti kọ àwọn ìkànnì tẹ́tẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò sínú ràútà fúnra mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo "secure DNS" nínú bíráósà, torí tí ó bá wà ní títàn, ó lè gba ẹ̀yìn ràútà kọjá. Àmọ́ mi ò ti YouTube pa: àwọn olùkọ́ ń fi fídíò kọ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí i pé wọ́n ti ohun tó wúlò pa kò ní ka ìyókù òfin sí. Mo kọ ohun tí "burúkú" túmọ̀ sí kedere: ìhòòhò, tẹ́tẹ́, jìbìtì, ìhalẹ̀mọ́ni, àti wíwọ ibi tí wọn kò fún ọ láṣẹ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti Nàìjíríà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, mú jìbìtì àti wíwọ ẹ̀rọ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ ní ẹ̀ṣẹ̀, mo sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ irú bẹ́ẹ̀ lè kọjá ìgbìmọ̀ ìbáwí.

Ímeèlì gba àsìkò ju gbogbo ìyókù lọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ti ní orúkọ .edu.ng, ṣùgbọ́n Gmail ara ẹni ni àwọn òṣìṣẹ́ ń lò. Google Workspace for Education Fundamentals, ètò ímeèlì àti ìpamọ́ fáìlì ti Google, jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá yẹ, 100 TB àyè ìpamọ́ ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sì ń pín lò. Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ẹlòmíràn kọ ímeèlì ní láti ní SPF, DKIM àti DMARC, àkọsílẹ̀ inú DNS tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó jókòó ní ibikíbi lè fi orúkọ akápò ránṣẹ́ sí òbí pé nọ́ńbà báńkì tí wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ sí ti yí padà. SPF tí mo kọ ni v=spf1 include:_spf.google.com ~all. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ wà. Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì á bàjẹ́. Kọ́kọ́rọ́ DKIM tó jẹ́ 2048 bit gùn ju 255 lẹ́tà lọ, àwọn pátákó DNS kan sì ń gé e kúrú láìsọ fúnni. Ẹ wò ó títí dé ìparí. DMARC ni mo fi sí p=none (wíwò lásán) ná, kí n lè rí ẹni tó ń fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, kí n tó gbé e lọ sí quarantine, tó ń ju ayédèrú sí Spam.

Ibi tí òfin pásíwọ́ọ̀dù ti máa ń já ni ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá. Gbogbo òfin ló ń sọ pé má fún ẹnikẹ́ni ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ní "Bá mi ṣí ímeèlì mi kí o wo ohun tí wọ́n kọ," akọ̀wé wo ló fẹ́ wí fún un pé "Ẹ má bínú sà, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀"? Àṣà wa kò fún un láyè, a ò sì gbọ́dọ̀ kọ òfin tí yóò jẹ́ pé ẹni tó kéré jù ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú Gmail: Settings, Accounts, "Grant access to your account". Alábòójútó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ tan án nínú Admin console, ojú ewé ìṣàkóso Google Workspace. Akọ̀wé yóò máa fi pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ ka ímeèlì ọ̀gá, yóò sì máa dáhùn. Orúkọ rẹ̀ yóò hàn pé òun ló fi ránṣẹ́. Mo lọ bá àwọn ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì wọn, mo ṣètò rẹ̀ lójú wọn, kí òfin tó jáde.

Pásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀: ó kéré tán lẹ́tà 12, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í ṣe nọ́ńbà mátíríìkì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan dára, láìfi àmì sí i, torí kìíbọọ̀dù káfé kò ní àmì ohùn. Mo yọ òfin àtijọ́ tó ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. NIST, àjọ ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Amẹ́ríkà, ti dá a lẹ́bi, nítorí pé ènìyàn kàn ń fi 1, 2, 3 kún ìdí ti tẹ́lẹ̀ ni. Ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì, kóòdù tí a ń bèèrè lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, ni mo fi rọ́pò rẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ SMS máa ń pẹ́ dé nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣòro, nítorí náà mo ní kí oníkálukú tẹ kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá tí Google ń fúnni jáde, kó sì fi sí ibi tó ń kó sátífíkéètì rẹ̀ sí.

Ìránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ṣe pàtàkì. Mo dá ẹgbẹ́ kan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, mo sì fi àṣẹ ìkọ̀wé mọ sọ́dọ̀ ọ́fíìsì mẹ́ta. Bí a bá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí kúrò" kan yóò bí ọgọ́rùn-ún mìíràn. Ìwé tí èsì ìdánwò, orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì bá wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sí gbogbo kíláàsì. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 dáàbò bo ìyẹn. Fáìlì tó ju 25 MB lọ kò ní gba inú Gmail, Drive, ibi ìpamọ́ fáìlì Google, ni yóò gbà, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ìdánwò ti ń jò: ẹni tó kánjú á yan "Anyone with the link", ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì á sì lè ṣí i. Mo ti í pa fún àwọn tó wà níta ilé-ẹ̀kọ́ láti Admin console.

Bí ẹnì kan bá ti tẹ líǹkì jìbìtì, irú èyí tó ń ṣèlérí sìkọ́láṣíìpù tàbí tó ní àpótí ímeèlì rẹ ti kún, ìgbésẹ̀ mi ni pé: yí pásíwọ́ọ̀dù padà, lé gbogbo ẹ̀rọ tó ti wọlé jáde láti Admin console, kí o sì ṣí Filters àti Forwarding wò. Ibi kẹta yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé. Olè á ti fi àṣẹ síbẹ̀ pé kí ẹ̀dà gbogbo ímeèlì máa wá bá òun, pásíwọ́ọ̀dù tuntun kò sì dí i lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó bá tètè sọ pé òun ti tẹ̀ ẹ́ kò ní jìyà. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, mo sì dúró lórí rẹ̀: bí dátà akẹ́kọ̀ọ́ bá jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 péré ni òfin fún ilé-ẹ̀kọ́ láti sọ fún Nigeria Data Protection Commission, ẹni tó ń bẹ̀rù ìyà kì í sì í sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí 72.

Mo sọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣọ́ àti ohun tí kò ṣọ́. À ń pa àkọsílẹ̀ ìwọlé mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí ímeèlì ẹlòmíràn ka láìsí ìwé àṣẹ tí ènìyàn méjì bu ọwọ́ lù, alábòójútó pàápàá. Ìyà ní ìpele: ìkìlọ̀, ìdádúró àkáǹtì, ìgbìmọ̀ ìbáwí, ọlọ́pàá, a sì gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ẹni náà kí ohunkóhun tó ju ìkìlọ̀ lọ.

Odindi rẹ̀ wọ ojú ìwé méjì, ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ̀dà Yorùbá kan. Mo fún akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ kà, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó wí fún mi láìwo ìwé. Gbólóhùn tí wọ́n bá ṣì lóye, mo tún un kọ. Wọ́n ń bu ọwọ́ lù ú nígbà ìforúkọsílẹ̀. Ìparí ẹ̀kọ́ ni mo fi kádìí rẹ̀: àkáǹtì ímeèlì akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà fún 90 ọjọ́ lẹ́yìn tó bá parí, nítorí náà kí ó má fi ímeèlì ilé-ẹ̀kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún NYSC tàbí báńkì. Ti òṣìṣẹ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, a ń dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an, a kì í pa á rẹ́ kí a tó gbé fáìlì Drive rẹ̀ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀, torí 20 ọjọ́ péré ni Google fi ń jẹ́ kí a mú àkáǹtì tí a pa rẹ́ padà.