Abẹ́ Igi Máńgòrò Ni Kí Ẹ Ti Bá Eṣinṣin Èso Jà

Bí ẹ bá la máńgòrò tó dán lójú, tí ìdin funfun ń rìn nínú rẹ̀, orí igi lóko Ẹ̀pẹ́ ló ti kó o, kì í ṣe orí àtẹ. Eṣinṣin tó ń ṣe é kì í ṣe ti ilé: ó jọ agbọ́n kékeré, ìlà aláwọ̀ ìyeyè méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Éṣíà ló ti wá. Ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, ní Kẹ́ńyà.

Abo rẹ̀ a fi ìdí gún èèpo èso, a yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ a dà bí ibi tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, oje díẹ̀ a sì máa sun. Ìdin á jẹ inú èso fún bí ọ̀sẹ̀ kan, èso á jábọ́, ìdin á wọlẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, á sé ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo bíi hóró ìrẹsì. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá, eṣinṣin tuntun ti jáde.

Nítorí náà, ẹ ṣa èso tó jábọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó kéré tán; tójò bá ti ń rọ̀, ojoojúmọ́ ló dáa. Ẹ kó o sínú láílọ́ọ̀nù dúdú tó nípọn, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ooru pa ìdin. Tó bá jẹ́ rírì lẹ fẹ́ rì í, erùpẹ̀ tó máa wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á fọkọ́ ha ilẹ̀ fẹ́rẹ́, wọ́n á bo èso. Inú ilẹ̀ kúkú ni ìdin ń wá! Ẹ má gbàgbé abẹ́ igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé, ẹ sì bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀, torí eṣinṣin kò mọ ààlà.

Ìdẹ methyl eugenol, ìyẹn èròjà olóòórùn tí wọ́n ń fi sínú pakúté, akọ nìkan ló ń fà. Ó dáa láti fi mọ ìgbà tí wọ́n dé, àmọ́ abo ló ń yé ẹyin. Ìdẹ oníprotéènì tí wọ́n po mọ́ oògùn apakòkòrò ni tirẹ̀: ẹ fọ́n ọn sára ewé, níwọ̀n mítà kan níbùú lóòró lórí igi kọ̀ọ̀kan, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe sára èso. Bójò bá fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun èèrà pupa tó ń lẹ ewé pọ̀ kọ́lé lórí igi. Ó ń lé eṣinṣin yìí.

Ẹ ká èso nígbà tó bá gbó tí kò tíì pọ́n. Bí alájàpá bá rí ẹyọ kan tó rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, owó gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló máa já. Ní Yúróòpù, ìdin kan ṣoṣo lè mú kí wọ́n kọ gbogbo ẹrù. Kí ẹ tó dì í, ẹ yẹ èso wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní ojú abẹ́rẹ́, inú láílọ́ọ̀nù dúdú ni kó lọ, ẹ má jù ú sábẹ́ igi.