Wárántì máṣíìnì mi ti tán, irin ẹ́ńjìnì sì ń jo ọ́ìlì: bí mo ṣe bá wọn fà á

Ẹni méjì ti bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó sì ti sú mi láti máa tún un rò látìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀. Máṣíìnì 125 ni mo ní, tuntun ni mo rà á n'Íbàdàn ní September 2022, torí Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé, iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn Adó-Àwáyè, ẹni tí ò bá ní máṣíìnì tiẹ̀ lọ́nà ibẹ̀ yẹn á kàn máa wo ojú ọ̀nà ni. Wárántì tí wọ́n fún mi, oṣù mẹ́fà ni tàbí kìlómítà 6,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Oṣù mẹ́fà ló kọ́kọ́ pé, ní March 2023. Ìparí May ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ páálọ̀ mi.

Páálọ̀ ni máṣíìnì ń sùn nílé wa, ẹ̀yin náà mọ ìdí. Ọmọ mi ló tẹ ọ́ìlì náà mọ́lẹ̀ láàárọ̀ kùtù, tó fi ẹsẹ̀ gbé e dé orí bẹ́ẹ̀dì, ariwo ìyá ẹ̀ ló jí mi. Mo wò ó, kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tílẹ̀ mọ́ mo bá àmì dúdú tó tó ìdérí ìgò kan.

Mẹkáníìkì mi ní, "Tíṣà, gáskẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe nǹkan tó le." A pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó máa ń wà láàárín irin méjì kí ọ́ìlì má bàa jò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní á jẹ́ pé ọ́ìlì síìlì ni, rọ́bà róbótó tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, a pààrọ̀ ìyẹn náà, ọjọ́ márùn-ún péré ni páálí fi gbẹ. Mi ò bá a jà o, torí tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, atẹ́gùn á ti fẹ́ ọ́ìlì náà sẹ́yìn, gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnì á rin, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ ibi tó ti ń wá.

Bó ṣe di Sátidé kan mo ní kí n fúnra mi wá a. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, mo fi bẹntiróòlù díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilé fọ gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀ níta gbangba (ẹ jìnnà síná o, ẹ jọ̀ọ́), mo tún fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo gbé e sóòrùn títí ó fi gbẹ táútáú. Mo wá mú páúdà ọmọ, mo dà á sátẹ́lẹwọ́, mo ń fẹ́ ẹ sára irin náà títí ó fi funfun bí aṣọ olóbàtálá. Mo ṣáná sí i, mo jẹ́ kó máa dún lórí ìdúró, mo jókòó sórí àpótí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Ojú ibi tí gáskẹ́ẹ̀tì wà, funfun ni. Ibi síìlì, funfun ni. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí n tó rí tóóró kan lára kránkéèsì gan-an, ìyẹn irin tó bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì wà nínú ẹ̀, bí ìka méjì sísàlẹ̀ ojú gáskẹ́ẹ̀tì, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ó dúdú, ó fẹ̀ díẹ̀, ó wá ṣàn wálẹ̀ láàárín páúdà bí omijé. Mo ti ń fi fóònù ìyàwó mi ká fídíò ẹ̀ látìgbà tí mo ti ṣáná, mi ò gé ibì kankan kúrò nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo nu ibẹ̀ tán tí mo fi abẹ́rẹ́ kàn án, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ wọlé. Àwọn ihò kéékèèké mìíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí inú búrẹ́dì. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì, ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ibi tí wọ́n ti dà á ló ti bàjẹ́ o." Òótọ́ ni. Alumíníọ́ọ̀mù yíyọ́ ni wọ́n ń dà sínú móòdù láti fi ṣe kránkéèsì, tí afẹ́fẹ́ bá há sínú ẹ̀ nígbà tó ń dì, ihò ló máa dà, ó sì lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ooru àti gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì tó já ihò kan mọ́ èkejì, kí ọ́ìlì tó rọ́nà jáde.

Mẹkáníìkì ní ká fi gọ́ọ̀mù irin dí i, owó ẹ̀ kò tó nǹkan. Mo ní rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kẹ́jọ́ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù tàbí wẹ́dà kan ibẹ̀, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dí i ni wọ́n máa sọ pé ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Mo kàn ń yẹ ọ́ìlì wò láràárọ̀ ni, mò ń dà á kún un, torí ọ́ìlì bíi lítà kan ló wà nínú àwọn máṣíìnì wọ̀nyí, tó bá ti dín, kò pẹ́ tó fi ń nọ́ọ̀kì. Mo sì ń tọ́jú gbogbo rìsíìtì ọ́ìlì.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á n'Íbàdàn lọ. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ò tíì gbé ojú sókè dáadáa tó fi ní, "Wárántì yín ti tán láti March, sà." Mo ní, "Mo mọ̀. Kì í ṣe wárántì ni mo bá wá." Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Mo sọ fún un pé táyà tó jẹ, ṣéènì tó fẹ̀, bíréèkì páàdì, èmi ni mo ni ìyẹn, èmi ni mo gùn ún. Ṣùgbọ́n irin tó ní ihò nínú láti iléeṣẹ́, ọjọ́ tí mo sanwó ló ti wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ tà á fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ní bóyá òkúta ló gbá a. Mo ti mọ̀ pé wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, mo fi fọ́tò hàn án, kò síbi tó ha, kò síbi tó tẹ̀, ọ̀dà orí ẹ̀ ṣì pé. Ó ní òun máa sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá ò pè mí.

Mo wá kọ lẹ́tà, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún iléeṣẹ́ tó ń kó o wọlé tó ń tò ó l'Ékòó. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni, mi ò bú ẹnikẹ́ni: nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti chassis, ọjọ́ tí mo rà á, kìlómítà tó ti rìn (7,400), ọjọ́ mẹ́ta tí mo gbé e wá fún sáfíìsì lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú, ohun tí mo rí, ohun tí mo fẹ́, àti pé mo fún wọn ní ọjọ́ 14. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé lò, kó sì pẹ́ tó bó ṣe yẹ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi irú ẹ̀ ṣe. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé wọ́n ti gbà á, ọmọkùnrin káńtà yẹn kọ́kọ́ ń fà tìkọ̀, mo ní máa jókòó dè é.

Ọjọ́ 14 pé, kò sóhùn. Ní ọjọ́ 16 mo gbé ẹ̀sùn náà fún FCCPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú fídíò, fọ́tò àti ẹ̀dà lẹ́tà, mo sì fi ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Èkó náà. Lọ́jọ́ kẹta fóònù mi dún láti Èkó. Bóyá FCCPC ló bà wọ́n lẹ́rù, bóyá ẹni tó ń ka lẹ́tà níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé ni, èmi ò lè sọ.

Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn máa yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí owó pátì. Mo dúpẹ́, mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. A fà á bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n rán ẹnìkan wá wò ó, mo tún fẹ́ páúdà sí i lójú ẹ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ya fọ́tò. Ibi tó parí sí ni pé wọ́n fún mi ní kránkéèsì méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, lọ́fẹ̀ẹ́, èmi á san owó iṣẹ́ àti sẹ́ẹ̀tì gáskẹ́ẹ̀tì, 35,000 náírà. Ká sòótọ́, kò tẹ́ mi lọ́rùn, owó iṣẹ́ yẹn tiwọn ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ṣírò owó mọ́tò Ìsẹ́yìn sí Ìbàdàn àti ọjọ́ tí mi ò ní lọ síléèwé, mo gbà.

Ẹ ka ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i o. Nínú tèmi wọ́n kọ ọ́ pé àánú lásán làwọn fi ṣe é, ìyẹn ò kàn mí, ṣùgbọ́n ìlà kan wà nísàlẹ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ mú ẹ̀sùn kankan wá mọ́ lórí máṣíìnì náà láéláé. Mo bi mọ̀dáámú tó mú un wá pé, "Tí fúréèmù bá kán lọ́la ńkọ́, mà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fi bírò fagi lé e, ó kọ "kránkéèsì nìkan" sí i, àwa méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Èyí tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì. Ara kránkéèsì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, tuntun tí wọ́n mú wá sì mọ́ roro, kò sí nọ́ńbà kankan lára ẹ̀. Ẹ rò ó wò, kí ọlọ́pàá dá yín dúró kí wọ́n má bá nọ́ńbà tó wà nínú pátíkúlà! Mo ní kí ṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà fún mi pé àwọn làwọn pààrọ̀ ẹ̀ àti ìdí ẹ̀, mo lọ búra ní kóòtù, mo kó gbogbo ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀ kí wọ́n ṣàtúnṣe. Ìyẹn nìkan gbà mí ní ọjọ́ méjì.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n ń to gíà àti bẹ́árínì síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n, mo ń ya fọ́tò gbogbo ẹ̀. Kí n tó gbé e kúrò níbẹ̀ mo yọ páúdà jáde látinú àpò, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú 20 ni mo fi jẹ́ kó dún. Funfun ló wà.

Kránkéèsì àtijọ́ tó ní nọ́ńbà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo fi ọ̀rá wé e. Ìyàwó mi ti bi mí léèmẹ́ta ìgbà tí mo máa gbé e jù nù, mo ní ó di ọjọ́ tí mo bá ta máṣíìnì.