Bí gbèsè ò ṣe ní bá yín níbẹ̀ tí ọjà ṣíà bá tún dẹnu kọlẹ̀

Bàbá kan wà ládùúgbò wa n'Íbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ní 2007 báńkì tó ń lò pè é, wọ́n ní kó wá yáwó kó fi ra ṣíà, ṣíà báńkì yẹn náà gan-an o! Bàbá mú mílíọ̀nù kan nínú owó gírátúítì ẹ̀, báńkì fi mílíọ̀nù méjì lé e, margin loan ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Òun nìkan kọ́, nígbà yẹn wọ́n ń pín fọ́ọ̀mù ṣíà bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ṣe ń túká. Láràárọ̀ ni bàbá ń ra ìwé ìròyìn, á fi bírò fa ìlà sábẹ́ iye tí ṣíà ẹ̀ dé, ó tiẹ̀ ti lọ wo ilẹ̀ kan lápá Mọ́níyà.

Oṣù kẹta 2008, index ọjà ṣíà, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí iye gbogbo ṣíà ṣe ń lọ sókè sódò, lé ní 66,000. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Ṣíà N3 mílíọ̀nù bàbá ò tó mílíọ̀nù kan mọ́, báńkì sì ń béèrè mílíọ̀nù méjì wọn tèlé-tèlé. Wọ́n ta ṣíà, kò tó. Mọ́tò bàbá ni wọ́n tà kún un.

Torí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù: ẹ má yáwó ra ṣíà. Ìbáà jẹ́ ti báńkì, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí ti àwọn app orí fóònù tó máa ń fi yín sùn lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀. Ká ní mílíọ̀nù kan tiẹ̀ nìkan ni bàbá fi rà á, á ṣì ku nǹkan bí N300,000, ó máa dùn ún lóòótọ́ àmọ́ kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn ẹ̀, ó lè jókòó tì í títí ọjà á fi gbérí. Tẹ́ ẹ bá ti yá a ńkọ́? Ẹ tún ìwé àdéhùn yẹn kà lónìí, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn lè ta ṣíà yín láìbi yín, kẹ́ ẹ sì ta díẹ̀ nínú ẹ̀ nígbà tó ṣì lówó lórí, kẹ́ ẹ fi san gbèsè. Ẹ má dúró de èrè tó kù.

Kẹ́ ẹ lè máa rí i tó bá ń bọ̀, ẹ wo bí tọ̀hún ṣe ṣẹlẹ̀. Ní 2004 Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, nígbà yẹn ní kí gbogbo báńkì gbé ojú owó wọn láti N2 bílíọ̀nù sí N25 bílíọ̀nù, 89 ni wọ́n, nígbà tí 2005 fi máa parí ó ku 25. Ọ̀pọ̀ wọn lọ kó owó yẹn lọ́jà ṣíà, owó wá pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ẹni tí wọ́n máa yá lọ, ni wọ́n bá ń yá àwọn èèyàn láti tún fi ra ṣíà. Owó kan náà ló ń yí po tí iye ń gòkè! Ìgbà tí wàhálà owó gba gbogbo ayé ní 2008, àwọn òyìnbó kówó wọn jáde, epo rọ̀bì tó ti dé $147 lóṣù keje bọ́ sábẹ́ $40 kọ́dún tó parí, ló bá tán. Ní 14 August 2009 Sanusi, tó gba ipò Soludo ní CBN, lé ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó N420 bílíọ̀nù sáwọn báńkì ọ̀hún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá AMCON, ilé iṣẹ́ ìjọba, sílẹ̀ láti ra àwọn gbèsè tó ti bàjẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí báńkì bá ti ń lé yín kiri kẹ́ ẹ wá yáwó ra ṣíà, ẹ̀yin ẹ sá. Kẹ́ ẹ sì máa béèrè iye tí ilé iṣẹ́ ń jèrè lórí ṣíà kan lọ́dún. Tí ṣíà bá jẹ́ N40 tí èrè ẹ̀ jẹ́ N1, ogójì ọdún nìyẹn o kí èrè yẹn tó pé owó tẹ́ ẹ fi rà á.

Owó tó wà ní báńkì náà ńkọ́? Láti 2024, owó tí NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó báńkì, máa ń dá padà fún ẹnì kan ní commercial bank kan tó bá kógbá sílé kì í ju N5 mílíọ̀nù lọ, gbogbo àkáǹtì yín níbẹ̀ ni wọ́n máa rò pọ̀. Ẹni tó bá ní N8 mílíọ̀nù, kó pín in sí báńkì méjì.

Ti sọgúndogójì ò gba àlàyé púpọ̀. MMM tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn ṣèlérí èrè 30% lóṣù, ìyẹn ni pé N100,000 máa di nǹkan bí N2.3 mílíọ̀nù lọ́dún kan tẹ́ ẹ bá ń dá èrè padà sínú ẹ̀. Oṣù kejìlá 2016 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ìwé CAC, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́, tí wọ́n máa ń gbé síta kì í ṣe àṣẹ láti gbowó lọ́wọ́ èèyàn, orúkọ wọn lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọjà ṣíà, ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ra ṣíà láyé ìgbà yẹn, ẹ tú àpótí wò. Tí sátífíkéètì bá wà níbẹ̀, orúkọ registrar, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tó ni ṣíà, máa wà lára ẹ̀, ẹ lọ bá wọn gba fọ́ọ̀mù e-dividend tí èrè ṣíà á fi máa wọ àkáǹtì yín, ẹ mú BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì dání. Tí ẹni tó ni ín bá ti kú, ìwé probate, ìyẹn ìwé kóòtù tó fún yín láṣẹ lórí ohun ìní ẹ̀, ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.