Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Ní Òṣogbo: Ibi Tí A Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ni wọ́n fún mi ní ìwé gbélé-ẹ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Àgbàdo wọ́n, àwọn olóko adìyẹ ò rajà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni àwọn ọ̀gá bá ní àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Àwa mọ́kànlá la jọ jáde lọ́jọ́ náà. Mo ṣe ohun kan dáadáa, mo sì ṣi ìkan ṣe gan-an. Ẹ ó rí méjèèjì níbí.

1. Kí ẹ tó jáde ní géètì

Ẹ má fọwọ́ síwèé tí ẹ ò tíì kà dópin. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀wé pé òun fúnra òun lòun fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ìyẹn ló níyì jù. Ẹ má kọ ọ́ o. Ẹ̀tọ́ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ àti ti ẹni tí wọ́n dín kù kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ìwé yín sọ ọ́ gedegbe pé wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù ni, kí déètì sì wà níbẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ iye ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi ta yín lólobó. Ẹni tó ti lo ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ẹni tó ti pé ọdún 2 tí kò tíì pé 5, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹ máa lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ béèrè owó ọjọ́ náà. Òfin yìí kan náà ní kí wọ́n sọ ìdí ìdínkù náà àti bó ṣe pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ó ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, àfi tí ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìfọkàntán bá ya ẹnì kan sọ́tọ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì gbìyànjú láti jọ dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa fún àwọn tó ń lọ. Àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni òfin náà wà fún ní pàtàkì. Tí ẹ bá wà nípò ọ̀gá, ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́ ni kí ẹ tú yẹ̀wò.

Ẹ kó ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín dání, pẹ̀lú ìwé owó oṣù bí ẹ bá ṣe lè rí i tó. Ẹ ní kí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ yín bá yín kọ ìwé ẹ̀rí nígbà tí àánú yín ṣì ń ṣe é. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò níí gbé fóònù mọ́. Ohun tí mo ṣe dáadáa nìyí: kí n tó dá fóònù sítọ́ọ̀ padà, mo kọ nọ́ńbà àwọn dẹ́rẹ́bà àtàwọn oníbàárà tí èmi àti wọn ti di ojúlùmọ̀ sẹ́yìn ìwé kan. Ó gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú.

2. Ẹ sọ fún ará ilé lálẹ́ ọjọ́ náà

Ibí ni mo ti ṣìṣe. Mi ò sọ. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́, mo gbé kúlà oúnjẹ mi, mo sì lọ jókòó sí Freedom Park. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, tí mo ń wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń ya fọ́tò. Tó bá di aago márùn-ún, mo máa ń darí sílé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ṣe é. Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyàwó mi ń fọṣọ, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi símú, ó tún un gbé símú. “Bàbá Ìbejì, kí ló dé tí aṣọ yín ò rùn ẹja mọ́?” Ẹja lílọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ ló ń sọ. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fi ọṣẹ bá òórùn yẹn jà. Mi ò rí èsì fọ̀.

Kò bínú nítorí iṣẹ́. Ohun tó bí i nínú ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ó ti gba aṣọ ẹbí olówó gọbọi fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, torí ó gbà pé owó oṣù ń bọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n tèmi kò tilẹ̀ dákẹ́: gbèsè ló ń bí.

3. Ẹ ka owó

Ẹ kọ èyí tó wà nílẹ̀ àtèyí tó ń bọ̀ sójú ìwé kan, kí ẹ kọ oúnjẹ, owó ilé, owó iléèwé àti iná sí òdìkejì. Ẹ lọ bá onílé kí owó ilé tó pé. Onílé tí ẹ bá ṣáájú a máa gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ju èyí tó wá kan ilẹ̀kùn lọ. Tí ẹ bá jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó, ẹ bá akọ̀wé wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ bá onígbọ̀wọ́ yín.

Ẹ má fi owó tí wọ́n bá fún yín bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo ènìyàn ló máa gbà yín nímọ̀ràn POS. Ẹ ka iye agboòrùn POS tó wà láti Ọláìyá dé Òkè-Fíà kí ẹ tó gbọ́ tiwọn.

Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀ náà. Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ẹni tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò rí òmíràn, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Tó bá jẹ́ 800,000 náírà ló wà níbẹ̀, 200,000 lẹ lè gbà. Ìwé gbélé-ẹ wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè, ẹ má sọ ọ́ nù nínú ìbínú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá agbanisíṣẹ́ ń san owó náà lóòótọ́: ìdá 8 láti owó oṣù yín, ó kéré tán ìdá 10 láti àpò tirẹ̀. Tó bá yọ tiyín tí kò sì san án, PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ló ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

4. CV

Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rò ó. Ẹ jókòó ti ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín rárá, ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n kan, kí ẹ ròyìn ohun tí ẹ máa ń ṣe láti àárọ̀ Mọ́ńdè. Lẹ́yìn náà kí ẹ tú u. CV mi àkọ́kọ́ kò sọ ju pé mo “tọ́jú sítọ́ọ̀.” Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ohun tó jáde ni pé mò ń gba ọkọ̀ àgbàdo mẹ́ta lọ́sẹ̀, mò ń wọn ọ̀rinrin rẹ̀ kí n tó jẹ́ kí wọ́n já a, mo ti dá ọkọ̀ padà rí, àpò tó ń sọnù sì dínkù lásìkò mi. Ojú ìwé méjì tó. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù yín wà lókè pátápátá.

5. Ẹ tàn án ká

Ní Òṣogbo níbí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kì í dé ojú íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó rí ẹni tí wọ́n máa gbà. Ẹnu ló ń gbé e. Kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ tó ń bá yín jẹun lójoojúmọ́ ló máa mọ̀ nípa rẹ̀, torí ohun tí ẹ mọ̀ náà ló mọ̀. Ẹni tí ẹ ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni: dẹ́rẹ́bà, oníbàárà, ẹni tí ẹ jọ jáde iléèwé, ẹni tí ẹ jọ ń jókòó lẹ́yìn ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má kàn kọ “ẹ bá mi wáṣẹ́” sórí WhatsApp. Ẹni tó kà á kò ní mọ ohun tó fẹ́ wá. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹnìkọ̀ọ̀kan nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Èmi sítókípà tó máa ń gba àgbàdo lọ́wọ́ yín ni. Ilé iṣẹ́ wa dín òṣìṣẹ́ kù, mo wà lára wọn. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ tàbí ti àkọsílẹ̀ ọjà ni mò ń wá, mo lè máa lọ sí Ẹdẹ, Ìkirun tàbí Iléṣà láti ilé. Tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ń wá irú mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un ní nọ́ńbà mi.”

Mo fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́tàlélógójì. Mẹ́rìndínlógún fèsì, mẹ́ta mú nǹkan gidi wá. Ìyá kan tó ń sin adìyẹ ló darí mi sí ibi tí mo wà báyìí, ní ọ̀nà Ìkirun. Kí ẹ tó gba irú iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ẹ ṣírò owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Mo ti kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Iléṣà torí ìṣirò yẹn nìkan.

6. Àwọn gbájúẹ̀

Wọ́n mọ̀ pé ojú ń pọ́n yín. Agbanisíṣẹ́ gidi kì í gba owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí “owó ọ̀gá.” Kò sì ní béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Tí wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè yín sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹ ò wáṣẹ́ sí, tí ẹ débẹ̀ tí ẹ bá ọgọ́rùn-ún àga àti ẹnì kan tó ń pariwo pé ṣé ẹ fẹ́ dolówó, ẹ má wulẹ̀ jókòó.

7. Nígbà tí wọ́n bá pè yín

“Kí ló dé tí ẹ fi kúrò níbi tẹ́lẹ̀?” Wọ́n á béèrè dandan. Gbólóhùn méjì tó: ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ìwé rẹ̀ rèé. Ẹ má ṣépè fún ọ̀gá àná. Ọ̀gá tuntun á máa rò ó pé bí ẹ ṣe máa ròyìn òun náà nìyẹn.

Tí wọ́n bá gbà yín, nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ yẹn, èyí tó fi PEN bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí òmíràn. Lóṣù kejì, ẹ wò ó bóyá owó ti ń wọlé. Tèmi wọlé lóṣù kẹta, lẹ́yìn tí mo ti lọ bá akọ̀wé owó lẹ́ẹ̀mejì.