Ayaba Méjì Lọ́wọ́, Ọba Yọ Sáàárín: Bí A Ṣe Ń Ta Á

Lálẹ́ Sátidé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan nítòsí Ẹ̀bútè ní Ìkòròdú tí a ti máa ń ta pókà, káàdì burúkú kì í sábà pa èèyàn. Káàdì dáadáa ló ń pa wọ́n. Wọn á fún èèyàn ní Ayaba méjì, inú rẹ̀ á dùn, Ọba á yọ sáàárín, òun á sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kí wọ́n tó ṣí káàdì tó kẹ́yìn, iwájú rẹ̀ ti mọ́ fónífóní.

Texas Hold'em, irú pókà kan, ni mo ń wí: káàdì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún láàárín, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ọ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Méjì tó bá jọra lọ́wọ́ ẹni, ìbejì la ń pè é. Éèsì ló ga jù, Ọba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ayaba, Jáàkì, ẹ̀wá, títí lọ sísàlẹ̀. Káàdì àárín tó bá ju ìbejì yín lọ, ẹ̀gbọ́n la ń pè é.

Ẹ ra káàdì oníke. Ti páálí, ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kó pẹ́. Etí Éèsì á ká, gbogbo tábìlì á sì máa dá a mọ̀ láti ẹ̀yìn. Ìdérí ìgò ni kí ẹ fi ṣe ṣíìpù, ohun tó ń dúró fún owó. Ọmọ ayò kò tó, 48 péré ló wà nínú ọpọ́n kan, ó sì máa ń yí bọ́ sílẹ̀. Àgádágodo kékeré ni kí ẹ gbé síwájú ẹni tó kàn láti pín káàdì, kí ẹnikẹ́ni má baà jiyàn nípa ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Kí wọ́n tó ṣí ohunkóhun, ẹ fi owó lé e. Bí owó àkọ́fi, èyí tó di dandan kí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì, bá jẹ́ ìdérí méjì, ẹ fi mẹ́fà. Ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni kó kù pẹ̀lú yín, kì í ṣe gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn kò le.

Ẹ mọ iye ìgbà tí ẹ̀gbọ́n máa ń yọ nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, kó má baà máa bá yín lójijì. Bí ẹ bá mú Ọba méjì, Éèsì á yọ ní nǹkan bí ìgbà 23 nínú 100. Ayaba méjì, 41. Jáàkì méjì, 57. Ẹ̀wá méjì, ó sún mọ́ 70. Ẹni tó mú Jáàkì méjì tó wá ń kígbe "orí burúkú" nígbà tí Ọba yọ, ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí i.

Wàyí o, ẹ̀gbọ́n ti yọ. Ẹ wo àwọn tó bá a jáde. Ọba, 7, 2, tí àmì wọn yàtọ̀ síra, kò léwu púpọ̀: ẹni tí ẹ ń bá ta ní Ọba lọ́wọ́ tàbí kò ní in. Ọba, 9, 8, tí méjì nínú wọn jẹ́ àmì kan náà, ewu ni, nítorí ẹni tí kò tíì ní nǹkan kan lè ní in ní káàdì tó ń bọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá kù pẹ̀lú yín, ẹ gbàgbé ìgboyà. Ẹ kan tábìlì, ìyẹn ni pé ẹ ò fi owó kankan sílẹ̀, kí ẹ máa wò.

Bí ẹnì kan péré ló kù, ẹ bi í léèrè. Owó la fi ń bi í, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó wà láàárín. Bí 15 bá wà níbẹ̀, ẹ fi 5. Bó bá ń sá, kó ju káàdì rẹ̀ nù, lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ẹ ò pàdánù, ká tiẹ̀ ní ìbejì yín kò já mọ́ nǹkan kan. Mo rí àwọn tó ń fi 15 bi ohun tí 5 lè bi. Èsì kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ibí ni wàhálà wà. Ó san 5 yẹn. Káàdì kẹrin jáde, kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ kan tábìlì. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín. Ẹ ti ọwọ́ yẹn bọ abẹ́ itan. Bí ẹ bá tún da 15 sílẹ̀, ta lẹ rò pé yóò san án? Ẹni tó mú 7 á sá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lẹ fẹ́ kó dúró. Ẹni tó mú Ọba á san án tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹ ti lé ẹni tí ẹ lè jẹ lọ, ó wá ku ẹ̀yin àti ẹni tó máa jẹ yín. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé Ayaba kẹta. Lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, méjì péré ló kù nínú káàdì 47 tí ẹ ò tíì rí.

Bí òun fúnra rẹ̀ bá wá da owó ńlá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ kan tábìlì, ẹ sá. Bó bá jẹ́ owó kékeré, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fi ńlá lé e ní káàdì karùn-ún, ẹ sá.

Mi ò kọ́ èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Bọ̀dá kan wà lọ́dọ̀ wa, bíríkìlà, tí kì í fi owó lé owó ẹlòmíì láìnídìí. Ọba, 9, 4 ló wà níta. Mo fi 5, ó sọ ọ́ di 20. Mo wo ọwọ́ rẹ̀: ó ń gbọ̀n débi pé àwọn ìdérí ń lu ara wọn. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á, irọ́ ló ń pa. Mo da gbogbo tèmi sí i. Ó ṣí Ọba àti 9. Ayọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́.

"Àbúrò," ó ní, "ṣé o ò rí Ọba níta ni?"

Àwọn mìíràn ń ṣe òdìkejì: wọ́n á kàn rí Éèsì, wọ́n á ju Jáàkì méjì nù kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn náà kò dáa. Ọ̀nà 16 ni èèyàn lè gbà mú Éèsì pẹ̀lú Ọba. Bí Éèsì kan bá ti wà níta, 12 ló kù: èyí tó wà níta kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná kí ẹ tó sá.

Tèmi, kí n tó san lẹ́ẹ̀kejì, mo máa ń da káàdì mi délẹ̀, mo á gbé ìdérí kan lé e, mo á ka ení dé èje. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì sá, ẹ má ṣí Ayaba yín torí kí wọ́n lè bá yín kẹ́dùn. Wọn á fi mọ̀ pé ẹ ṣeé lé, wọn á sì máa lé yín. Ẹ tì í sábẹ́ àwọn tó kù, kí ẹ sún àgádágodo síwájú ẹni tó kàn.