Bí A Ṣe Ń Fọ Táǹkì Irin Tí Bakitéríà Ń Lu Nihò

Ẹ já omi inú táǹkì náà tán, títí kan ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fọwọ́ pa ara irin. Bó bá ń yọ̀ bọ̀rọ́, bakitéríà ti kọ́lé síbẹ̀. Bí ẹ bá rí kókó aláwọ̀ ìpẹtà, ẹ fọ́ ọ. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dúdú, ẹ ha díẹ̀ nínú dúdú náà síta gbangba, kí ẹ kán ásíìdì tí ẹ ti bomi là sí i. Fínígà náà ṣeé lò, àmọ́ òórùn tirẹ̀ máa ń dani láàmú. Bó bá rùn bí ẹyin tó ti rà, bakitéríà tí kì í fẹ́ ọ́síjìn ló ń jẹ irin yín.

Ibi tó kàn yìí ni àwọn èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á da bílíìṣì sínú táǹkì, wọ́n á dé e, wọ́n ní ó parí. Kò parí o! Abẹ́ oje yíyọ̀ tí bakitéríà fúnra wọn tú jáde ni àwọn bakitéríà náà sá sí. Bílíìṣì á pa àwọn ti òkè, agbára rẹ̀ á sì tán kó tó kan ti ìsàlẹ̀. Àwọn ti òkè ló sì ń lo ọ́síjìn tán, tí abẹ́ fi ń tu àwọn yòókù lára. Ibẹ̀ ni irin ti ń yòrò. Ìdí nìyẹn tí ihò fi ń jìn lójú kan, tí ìyókù táǹkì á ṣì máa dán. Bílíìṣì tó bá sì pẹ́ nínú rẹ̀ á bá wọn jẹ irin.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ha á. Búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá líle ni kí ẹ lò. Ti onírin máa ń yá, àmọ́ ẹ má fi kan sitenléèsì, torí eruku irin tó bá fi sílẹ̀ á dípẹtà. Fún ìdí ihò àti ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ò lẹ́gbẹ́.

Ẹ má wọ inú táǹkì ńlá, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ pè. Gáàsì ẹyin rírà yẹn máa ń pa imú kú: bí ẹ ò bá gbóòórùn rẹ̀ mọ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti lọ. Bílíìṣì àti ásíìdì ò sì gbọdọ̀ pàdé láé.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lo bílíìṣì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀. Ẹ ṣan án dáadáa, kó gbẹ. Páìpù tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́, ẹ gé e kúrò. Omi tó dá rọ́gún síbẹ̀ ló ń dá bakitéríà padà sínú táǹkì.